Àwọn ọmọ tí kò lè wá sí kíláàsì: kí la lè ṣètò fún wọn nílẹ̀ Okun?

Olùkọ́ Mọ̀pà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré (JSS) ìjọba kan ní agbègbè Mọ̀pà, nílẹ̀ Okun wa ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ní sáà yìí, ọmọ mẹ́ta wà nínú rẹ́jísítà mi tí n kì í rí lórí ìjókòó. Ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ìrora á dá a gúnlẹ̀ sílé, á gbádùn díẹ̀, á wá sí kíláàsì, á tún pa dà sórí ibùsùn. Èkejì jẹ́ ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ lẹ́yìn ìjàǹbá ọ̀kadà, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni kíláàsì wa wà. Ẹ̀kẹta lóyún lọ́dún tó kọjá, ó ti bímọ báyìí, ìyá rẹ̀ àgbà ló ń bá a tọ́jú ọmọ.

Ọ̀gá wa ní ilé-ẹ̀kọ́ ti ní ká fa ìlà pupa sí orúkọ wọn bí sáà bá parí, kí rẹ́jísítà má baà kún fún àmì àìwá nígbà tí àwọn alábẹ̀wò bá dé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè díẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, pẹ̀lú ohun tí agbègbè wa ní, báwo ni ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yìí ṣe lè máa lọ? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é gan-an.

Àgbà Olùkọ́ Ìsánlú

Okun o, Olùkọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan mí gan-an. Má jẹ́ kí wọ́n fa ìlà pupa yẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè rí olùkọ́ tó dáa jù tí yóò máa lọ kọ́ ọmọ nílé, bí orúkọ ọmọ náà kò bá sí nínú rẹ́jísítà, lẹ́sìnì lásán ló ń gbà, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́.

Òfin UBE ti 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ di ọ̀ranyàn àti ọ̀fẹ́, láti kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé JSS 3. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í kà ni ibi tí òfin náà ti ṣàlàyé ohun tó ń pè ní ẹ̀kọ́. Ó ka ẹ̀kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara mọ́ ọn, ti àwọn ọmọ darandaran, ti àwọn ọmọ òpópónà, ti ọmọbìnrin, títí kan ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti inú kíláàsì. Nítorí náà, ọmọ tó ń kàwé lórí ibùsùn kò tíì jáde kúrò nínú ohun tí ìjọba jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ìdí mìíràn tún wà tó kan àpò àwọn òbí. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe Júníọ̀ WAEC, wọ́n máa béèrè máàkì tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá. Ní 2024 ìjọba ìpínlẹ̀ wa kéde pé òun ni yóò máa san owó ìdánwò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nílé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n lè san án fún. Ọmọ tí ẹ bá fa ìlà sí orúkọ rẹ̀ yóò máa wá owó GCE, ìdánwò àwọn tí kò sí nílé-ẹ̀kọ́, fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, bó bá tilẹ̀ débẹ̀.

Nígbà tí mo jẹ́ hẹ́dímásítà, ohun tí mo máa ń ṣe ni lẹ́tà olójú-ìwé kan láàárín ilé-ẹ̀kọ́ àti òbí. A máa kọ ìdí tí ọmọ kò fi lè wá, ẹni tí yóò máa kọ́ ọ, ibi tí wọ́n máa ti kọ́ ọ, bí iṣẹ́ tó ṣe ṣe máa dé ọwọ́ olùkọ́ kíláàsì fún máàkì, àti ọjọ́ tí a máa tún jókòó wò ó bóyá ó lè pa dà. Òbí á fọwọ́ sí i, èmi náà á fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan á lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Bí alábẹ̀wò bá dé tó béèrè, ìwé ni mo máa nà sí i. Kò sí èyí tó bínú sí mi rí nínú wọn.

Ìyá Ọlọ́mọ Kábà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ọlọ́run á bù kún yín. Ọmọ mi náà jẹ́ SS, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yẹn kan náà, ó ti wà ní kíláàsì kìíní girama àgbà báyìí, nítorí náà mo lè sọ díẹ̀ nípa tàkọ́kọ́.

Ẹ má ṣe ṣètò tó le bí igi fún un. Tíṣà kan tí a kọ́kọ́ gbà máa ń wá láago mẹ́rin gééré, bó bá sì bá ọmọ nínú ìrora, á jókòó tì í, á ní kó gbìyànjú. Ọmọ tí egungun ń dùn kò lè gbọ́ àlàyé álíjẹ́bírà. A yí i pa dà. Àdéhùn wa pẹ̀lú tíṣà kejì ni pé n óò pè é láàárọ̀ lọ́jọ́ tí ara bá yá, kò sì ní bínú bí mo bá ní kó má wá. Lọ́jọ́ tí ara bá yá dáadáa, wákàtí méjì péré, ẹ̀yin ará, wákàtí méjì ọmọ kan pẹ̀lú olùkọ́ kan, wọ́n á ka ohun tí kíláàsì kà láti àárọ̀ dọ̀sán. Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò la kọ́kọ́ dì mú, nítorí pé àwọn yẹn ló máa ń ṣòro láti lé bá. Social Studies àti CRK, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kà á nínú nóòtì.

Nóòtì gan-an ló gba ẹ̀mí wa là. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kíláàsì máa ń gbé nóòtì tirẹ̀ wá nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, èmi á ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Àǹfààní kejì tí n kò retí ni pé ọ̀rẹ́ yẹn ń sọ ìtàn kíláàsì fún un, ta ló jà, ta ló gba ipò kìíní. Ọjọ́ tó pa dà, kò pa dà bí àlejò.

Ohun kan tún wà tí mo máa bẹ olùkọ́ sí. Bó bá wá, ẹ jẹ́ kó mu omi nígbà gbogbo, ẹ sì jẹ́ kó lọ sí ilé ìtọ̀ láìtọrọ àyè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ má ní kó dúró sí àsẹ́ḿblì nínú ọyẹ́ àárọ̀. Ẹ má fi ṣe ẹni tí yóò lọ pọn omi tàbí ẹni tí yóò gé koríko. Àwọn ọjọ́ tí ọmọ mi kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ dínkù gan-an lẹ́yìn tí olùkọ́ rẹ̀ gbà sí èyí.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀

Òótọ́ ni Ìyá Ọlọ́mọ sọ. Òtútù, òǹgbẹ, àárẹ̀ àti ibà ló sábà máa ń tú ìrora yẹn sílẹ̀. Mo fi kún un pé kí olùkọ́ má fi ibà ọmọ SS ṣeré rárá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe pé kó lọ sùn sí yàrá ẹ̀yìn. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ bá ṣàdédé rọ tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ sáré gbé e lọ.

Nípa ti lẹ́tà tí Àgbà Olùkọ́ sọ, kí òbí ní kí dókítà tó ń tọ́jú ọmọ kọ ìwé kan fún ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ má gba èyí tó kàn sọ pé ara ọmọ kò yá. Ẹ ní kó kọ ohun tí ọmọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, àti pé àìwá rẹ̀ yóò máa ṣẹlẹ̀ léraléra. Ìwé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọdún, kì í ṣe pé kí ìyá máa sáré wá gba ìwé tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan tí ìrora bá dé.

Ọmọ Ìyàrà

Mo kí gbogbo yín. Mo fẹ́ yapa díẹ̀ lórí ọmọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ẹ̀yin Olùkọ́, kí ló kan ọmọ yẹn nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ilé? Kò ṣàìsàn. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Àtẹ̀gùn ni kò lè gùn. Ẹ gbé kíláàsì náà sọ̀kalẹ̀! Ẹ pààrọ̀ yàrá pẹ̀lú kíláàsì tó wà nísàlẹ̀, ó parí.

Mo ń sọ ọ́ tagbára tagbára nítorí pé mo ní àbúrò tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nígbà tí a wà ní kékeré. Wọ́n ní kó máa kàwé nílé, wọ́n rò pé àánú ni. Ọdún kan, ọdún méjì, kò sí ẹni tó ń wá mọ́. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé láti January 2024. Kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọmọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ ló yẹ kó yí nǹkan pa dà.

Olùkọ́ Mọ̀pà

@Ọmọ Ìyàrà, ẹ ṣeun. Yàrá JSS 1 wà nísàlẹ̀, wọn ò sì pọ̀ tó tiwa. A lè pààrọ̀ rẹ̀. Bíríkìlà kan wà nínú PTA wa, n óò bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn kékeré méjì péré ló wà níbẹ̀, a lè da kọnkéré sí i kó di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ilé ìtọ̀ ni mo ṣì ń ronú lé lórí.

Ará Leeds

Okun o, ẹ̀yin ará. Ọmọ Odò-Ẹrẹ̀ ni mí, ìlú Òyìnbó ni mò ń gbé, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ níbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tibí ṣe rí, kì í ṣe kí ẹ lè fi wé tiyín, ṣùgbọ́n nítorí pé ohun kan wà níbẹ̀ tí kò gba owó.

Òfin ẹ̀kọ́ England ti 1996, abala 19, sọ pé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà láti ṣètò ẹ̀kọ́ tó yẹ fún ọmọ tí àìsàn, ìlékúrò tàbí ìdí mìíràn kò jẹ́ kó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá lé ọmọ pátápátá, ẹ̀kọ́ mìíràn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kẹfà. Ní ti àìsàn, bó bá ti hàn pé ọmọ máa pàdánù ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde. Ẹ wo ibi tó dùn mọ́ mi: ọjọ́ 15 yẹn kò di dandan kó tẹ̀lé ara wọn. Ọmọ SS tó ń wá lónìí tí kò wá lọ́la wà nínú rẹ̀ pátápátá. Wọ́n tún ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan yan òṣìṣẹ́ kan tí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀, tí ọ̀ràn àwọn ọmọ aláìsàn wà lọ́rùn rẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ń lọ geere níbí, àwọn òbí ń jà fún un lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa márààrún, Yàgbà méjèèjì, Mọ̀pà-Mùrò, Ìjùmú, Kábà-Bùnú, kí ni yóò ná wọn láti fi orúkọ òṣìṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ bíi ti Mọ̀pà yìí mọ ẹni tí yóò pè? Òṣìṣẹ́ náà ti wà lórí owó oṣù tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Bùnú

Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ dára. Ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ọ̀kan lẹ ń sọ. Tiwa ni pé gbogbo abúlé ló dìde. Nítorí àwọn ajínigbé, àwọn òbí kó ọmọ wá sí Kábà, àwọn mìíràn wà lọ́dọ̀ ẹbí, àwọn mìíràn háyà yàrá kan. Ilé-ẹ̀kọ́ abúlé ti dákẹ́. Ẹ rántí pé ní November 2025, lẹ́yìn tí àwọn ajínigbé kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Maga (ìpínlẹ̀ Kebbi) àti Papiri (ìpínlẹ̀ Niger), ìjọba àpapọ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ girama tirẹ̀ tó lé ní ogójì pa, FGGC Kábà, ti àwọn ọmọbìnrin, sì wà nínú rẹ̀. Bí ti ìjọba àpapọ̀ bá lè tì, kí ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ oníyàrá mẹ́ta tí kò ní ọgbà?

Ìṣòro tó ń dùn wá jù ni ìwé. A dé ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìgboro, wọ́n ní ká mú káàdì àbájáde wá àti lẹ́tà ìgbàsókè. Ẹni tó sá lóru ò ní rántí káàdì. Hẹ́dímásítà tó lè kọ lẹ́tà náà ti sá lọ sí Lọ́kọ́ja. Àwọn ọmọ ń jókòó sílé, àwọn tó dàgbà nínú wọn ti ń ta píọ̀ wọ́tà. Ọmọkùnrin kan tó yẹ kó wà ní JSS 1 ti ń bá wọn gbé búlọ́ọ̀kù. Ó ń gba owó, ó sì ń fún ìyá rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún un pé kó pa dà sí Praimárì 5?

Àgbà Olùkọ́ Ìsánlú

Ọmọ Bùnú, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́.

Lórí ìwé, ẹ má gbà fún wọn. Kò sí ibi tí òfin UBE ti sọ pé kí ọmọ mú káàdì wá kó tó lè kàwé. Kí ilé-ẹ̀kọ́ fún un ní ìdánwò kékeré nínú kíkà àti ìṣirò, kí wọ́n fi í sí ibi tó bá a mu, ìwé á máa bọ̀ lẹ́yìn. Kí ẹ̀yin òbí má lọ níkọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ sí ìwé kan, ọjọ́ orí wọn, kíláàsì tí wọ́n wà, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ abúlé, kí baálẹ̀ yín fọwọ́ sí i, kí ẹ jọ gbé e lọ bá akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀. Orúkọ ogójì ọmọ lórí tábìlì kò rọrùn láti tì sápá kan.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ ìgboro bá kún, ẹ béèrè fún sáà ọ̀sán nínú ọgbà kan náà. Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ìlú á tó, ṣùgbọ́n kí orúkọ àwọn ọmọ wà nínú rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan. Àwọn olùkọ́ tó sá kúrò ní abúlé ṣì wà lórí owó oṣù, àwọn gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́ wọn. Ẹ má pín àwọn ọmọ ní ọjọ́ orí. Ẹ pín wọn ní ohun tí wọ́n mọ̀: àwọn tí kò tíì dá lẹ́tà mọ̀, àwọn tó lè ka gbólóhùn, àwọn tó lè ka ìtàn. Ẹ ó rí i pé wọn á yára.

Ti ọmọ tó ń gbé búlọ́ọ̀kù, ètò ẹ̀kọ́ kan wà tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣe fún irú rẹ̀ gan-an, ABEP ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kíákíá. Ó wà fún ọmọ ọdún 10 sí 18 tí ilé-ẹ̀kọ́ ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ìpele mẹ́ta ni. Ìkíní kó Praimárì 1 sí 3 pọ̀, ìkejì kó 4 sí 6, ìkẹta kó JSS 1 sí 3, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án á parí ní mẹ́ta. Ẹ béèrè rẹ̀ lórúkọ ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ àti ní ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àgbà ti ìpínlẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn kò ní ìdí láti jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì lè máa kàwé lọ́sàn-án kó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ títí ìyá rẹ̀ á fi rọ́wọ́ họrí.

Bàbá Oníṣòwò Ẹ̀kìnrìn

Mo gbóríyìn fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ti ọmọ tó lóyún. Mo ní ọmọbìnrin mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá rí i pé ẹni tó bímọ pa dà sí kíláàsì láìsí ohun tó ṣe é, kí ni a ń kọ́ wọn? Kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kò burú.

Ìyá Ọlọ́mọ Kábà

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ yín ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Wọ́n rí i bó ṣe ń gbé ọmọ pọ̀n nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ yunifọ́ọ̀mù. Kò sí ẹni tí yóò rí ìyẹn tí yóò wù ú. Ohun tí lílé e kúrò yóò kọ́ wọn ni pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí wọn, kí wọ́n fi pa mọ́ fún yín, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ aláròóbọ̀ oògùn. A ti sin ọmọ nítorí irú ìbẹ̀rù yẹn lágbègbè yìí.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, abala 15, sọ ọ́ kedere pé ọmọbìnrin tó lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ rí àyè láti máa bá a lọ lẹ́yìn tó bá bímọ. Aṣọ rírán dára, èmi fúnra mi ń rán aṣọ. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó ní JSS 3 lè wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kó ṣe NABTEB, ìdánwò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kó sì gba ìwé ẹ̀rí lórí iṣẹ́ tó mọ̀. Èyí tí kò ní i á máa jókòó sábẹ́ ọ̀gá.

Olùkọ́, bí ìyá àgbà bá lè gbé ọmọ wá lásìkò ìsinmi kí ó fún un lọ́mú, ọmọbìnrin yẹn lè wá láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí ilé bá jìn, kó wá ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó gba iṣẹ́ ilé fún ọjọ́ méjì yòókù, títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú.

Kọ́pà Ìyàrà

Ẹ kú ìjókòó o. Agùnbánirọ̀ ni mí, láti ìgbà tí mo ti kúrò ní àgọ́ NYSC ní Asaya ni mo ti ń kọ́ni ní Ìyàrà. Ọ̀pọ̀ wa ló máa fẹ́ lọ kọ́ ọmọ nílé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ CDS wa, iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tí àwọn agùnbánirọ̀ máa ń ṣe. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì NYSC ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n lè fi wá sí i. Ṣùgbọ́n ọdún kan la ń lò, a ó sì lọ. Nítorí náà, kí ìwé kan wà nílé ọmọ náà tí a ń kọ ibi tí a ka dé sí, kí ẹni tó bá tẹ̀lé mi má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀kọ́ ilé máa wáyé ní gbangba, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní pálọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, kí àgbàlagbà kan wà nítòsí nígbà gbogbo. Ó dáàbò bo ọmọ, ó dáàbò bo olùkọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà yẹn.

Bàbá Oníṣòwò Ẹ̀kìnrìn

Ìyá Ọlọ́mọ, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín. N kò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oògùn yẹn wọ̀ mí lára. Olùkọ́, bí ẹ bá nílò owó kọnkéré fún ẹnu ọ̀nà kíláàsì náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Olùkọ́ Mọ̀pà

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Bàbá Oníṣòwò, mo dúpẹ́ gan-an, mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ọmọkùnrin wa kò ní gba ẹ̀kọ́ ilé mọ́, yàrá la máa pààrọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà ti ọmọbìnrin SS, mo fẹ́ gbé e fún ọ̀gá wa lọ́jọ́ Ajé. Bó ṣe lọ rèé:

"Ilé-ẹ̀kọ́ àti òbí fohùn ṣọ̀kan pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí wà nínú rẹ́jísítà JSS 2. Nítorí àìlera tí ìwé dókítà tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí ṣàlàyé, yóò máa kẹ́kọ̀ọ́ nílé lọ́jọ́ tí kò bá lè wá. Olùkọ́ kíláàsì yóò máa fi nóòtì àti iṣẹ́ ilé ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé yóò máa wáyé ní pálọ̀, níṣojú òbí. Iṣẹ́ tó bá ṣe nílé yóò wà lára máàkì tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Bí ìdánwò sáà bá bá a nínú ìrora, yóò ṣe é nígbà tí ara bá yá."

Àgbà Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó.

Àgbà Olùkọ́ Ìsánlú

Ó dára. Fi ọjọ́ tí ẹ máa tún jókòó wò ó sí i, ọ̀sẹ̀ kejì sáà tó ń bọ̀ á dáa. Kọ orúkọ igbákejì rẹ síbẹ̀ pẹ̀lú, kí ètò náà má dúró bí wọ́n bá gbé ọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí òbí kò bá mọ̀wé, kà á fún un lédè wa kó tó tẹ̀ka. Ẹ̀dà mẹ́ta: ilé-ẹ̀kọ́, òbí, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tìrẹ lọ́jọ́ tí o bá gbé e débẹ̀.